Má Wò Ó Lórí Fóònù, Temirkul

Temirkul, ọkọ àbúrò mi, mo gbọ́ pé o ní
o máa dúró títí fíìmù náà á fi dé orí fóònù rẹ.
Fóònù tí ojú rẹ̀ ti là bíi yìnyín etí odò Naryn lóṣù Ẹrẹ́nà!
Jọ̀ọ́, jókòó ná. Omi tíì ti hó.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà sinimá yìí.
Mo ti rí fíìmù tí gbogbo èrò sùn sí, tí wọ́n ń han-anrun,
mo ti rí èyí tó jẹ́ pé ajá nìkan ló wò ó dópin
(ajá Kalibek ni, òtútù ló lé e wọlé).
N kì í yin ọbẹ̀ tí n ò tọ́ wò.
Ṣùgbọ́n èyí, àní èyí yìí,

ìyá àgbà kan ló wà níbẹ̀, Ayimkan lorúkọ rẹ̀.
Ọkọ rẹ̀ kú, kò fi màlúù sílẹ̀, kò fi owó sílẹ̀,
eyín wúrà kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀
tí ìyá dì sí ṣóńṣó ìborí rẹ̀.
Ó bẹ̀rẹ̀ kó fún àgbò níyọ̀ lá,
àgbò na ọrùn, ó já ìdì, ó gbé eyín mì káló.
Kí ìyá tó lanu, ọmọ rẹ̀ ti ta àgbò
fún alápatà kan láti Osh.
Ọkọ̀ ti gbéra. Eruku ló kù.

Ni ìyá bá mú Bektur ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó di ojú ọ̀nà.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń bẹ̀rù ẹṣin,
ọmọ Kyrgyz, tó ń bẹ̀rù ẹṣin!
Wọ́n gun alùpùpù àtijọ́ tó ní apẹ̀rẹ̀ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́,
apẹ̀rẹ̀ já lórí òkè,
Bektur ń yí lọ sísàlẹ̀ tòun tapẹ̀rẹ̀,
ìyá ò mọ̀. Máìlì méjì gbáko
ló fi ń bá atẹ́gùn wí pé kó nu imú rẹ̀.

Temirkul, ibẹ̀ ni ilé fẹ́ wó.
Sagin, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
ẹni tí a ò rí eyín rẹ̀ láti ìgbà tí Sófíẹ́ẹ̀tì ti fọ́,
fìlà gíga rẹ̀ bọ́, ó yí wọ abẹ́ àga,
bàbá ń rá pálá wá a, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń forí gbá ìdí èèyàn.
Ẹ̀rín rẹ̀ tún wá di fíìmù kejì.
Ìyẹn ò sí nínú fóònù.
Ẹ̀rín tí èèyàn bá dá rín nínú yàrá, ikọ́ ló ń jọ.

Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí Jipar ti lọ
o ò fẹ́ jókòó láàárín èrò mọ́.
Lálẹ́ kan nínú yìnyín, Ayimkan dáná kékeré,
ó sọ fún ọmọ náà pé: “Bàbá rẹ àgbà ò lẹ́wà rárá.
Àmọ́ tó bá rẹ́rìn-ín, mo máa ń rí ọ̀nà délé.”
Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.
Áńkáṣíìfù kan ń ti ìlà dé ìlà, n ò mọ ẹni tó ni ín.
Èmi tí mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ti já odindi ìdì tíkẹ́ẹ̀tì sí wẹ́wẹ́.

N ò ní sọ bóyá ọ̀bẹ alápatà ṣáájú wọn.
N ò ní sọ ìdí tí ìyá fi dúró lẹ́yìn àgbò fọ́jọ́ mẹ́ta
tòun ti abọ́ lọ́wọ́.
Darandaran ni ọ́, rò ó fúnra rẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, aago méje alẹ́.
Wọ bàtà onírun, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru ti kú.
Mo ti fi àga kan pa mọ́ ní ìlà kẹrin,
èyí tó ń han bí o bá yí ìdí, o mọ̀ ọ́n,
òun ló máa ń jókòó sí.
N ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ.
Mú wàrà gbígbẹ rẹ dání, ṣùgbọ́n má fi sẹ́nu
nígbà tí àgbò bá yọjú lójú fèrèsé báńkì:
ó ṣẹ́kù díẹ̀ kó fún ìyàwó Kalibek pa lánàá.